Òkè Tó Kù Díẹ̀ Kí Ezra Gùn Tán

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ara Ezra Adébánjí ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, bó ṣe ń jókòó sórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ lọ wò. Ó kọ́kọ́ kọjú sí i, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ bá a dúnàádúrà. Ó kẹ̀yìn sí i. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di irin tí wọ́n ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ mú, ó fi tòsì ti ògiri, ó pe orúkọ Jésù, ó wá jẹ́ kí ìyókù ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Igbe tó tẹ̀lé e ló jí Tẹjúmádé àbúrò rẹ̀ obìnrin ní yàrá kejì.

"Bọ̀dá mi," ni Tẹjúmádé wí láti ẹ̀yìn ògiri, "ṣé ẹ ti gúnlẹ̀?"

"Fi mí sílẹ̀."

"Mo kàn ń béèrè ni o. Kí n lè mọ̀ bóyá kí n pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ṣe máa ń pa á fún páílọ́ọ̀tì."

Ilé ìtura ni wọ́n wà, nílùú Moshi, lórílẹ̀-èdè Tanzania, níbi téèyàn ti lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa wo òkè Kilimanjaro láti ojú fèrèsé. Ezra ti fa kọ́tìnì ojú fèrèsé tiẹ̀ dé. Òun àti òkè náà kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ látìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀.

Ká sòótọ́, ilé ìtura náà tu èèyàn lára. Bẹ́ẹ̀dì rọ̀ débi pé tó o bá jókòó sí i, ó di kí wọ́n wá fà ọ́ jáde. Omi gbígbóná ń tú jáde bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. Wọ́n fún un ní aṣọ funfun kan tí wọ́n ń wọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, gbàgẹ̀rẹ̀, tó gùn dé kókósẹ̀, ó sì rọ̀ bí ìyẹ́ ọmọ adìyẹ. Látìgbà tó ti wọ̀ ọ́ lálẹ́ àná, kò bọ́ ọ mọ́. Iná ò sì lọ rárá. Ezra, tó jẹ́ pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń ba fíríìjì àwọn ará Festac nílùú Èkó jẹ́ fún un kó lè rí jẹ, kọ́kọ́ fura sí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kó máa tún fíríìjì, fírísà àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ẹ má gbọ́ ọ láìdáa o, Ezra mọṣẹ́. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé kì í parí nǹkan. Ó kọ́ sasofóònù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ ìlàjì orin kan. Tó bá ti dé ibi tí orin yẹn ti ń gòkè, á yọ ọ́ kúrò lẹ́nu, á juwọ́ sí ìjọ pé kí wọ́n máa bá a lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilé tí wọ́n bí i sí ní Fifth Avenue, ilé tó kan bàbá rẹ̀ láyé ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Apá ọ̀tún ti di búlúù tó dán, apá òsì ṣì wà ní àwọ̀ tí ìjọba fi sílẹ̀. Tí wọ́n bá ń júwe àdúgbò fún àlejò, wọ́n á ní, "Máa bọ̀ títí tó o máa fi rí ilé tó dà bí ẹni tí iná lọ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, yà sọ́tùn-ún níbẹ̀."

Ẹni tí ìwà yìí dùn jù ni Díkónì Clement. Díkónì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mínísírì tó ń rí sí títì àti afárá, ilé rẹ̀ ò sì jìnnà sí ti àwọn Ezra. Ọdún Kérésì kan báyìí, fírísà rẹ̀ dákẹ́ tòun ti tòlótòló ọdún nínú. Wọ́n pe Ezra. Ezra tú ẹ̀yìn fírísà sílẹ̀, ó da gbogbo ìfun rẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ní òun ń sáré lọ ra nǹkan kan lọ́jà Alábà, òun ń bọ̀. Nígbà tí òórùn tòlótòló máa fi dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò kẹta, Ezra ò tíì dé. Díkónì wá rán Stella ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kó lọ wá a rí níbikíbi tó bá wà, kó sì bú u dé ibi tí èébú ń dé.

Olùkọ́ ni Stella, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Satellite Town, ó mọ èèyàn í bú. Ó bá Ezra nídìí fírísà ẹlòmíràn, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ rán an láìku ẹyọ kan. Ezra gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó mi orí, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ," ó ṣí fírísà yẹn, ó sì fún un ní mọ́ọ̀tì tútù. Mọ́ọ̀tì onímọ́ọ̀tì. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí, Ezra ò sì tíì fi Stella sílẹ̀ lọ Alábà. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ tó wù ú tọkàntọkàn pé kó parí nìyí, àmọ́ ọwọ́ Díkónì ni ìparí rẹ̀ wà.

"Stella kì í ṣe fírísà," ni Díkónì wí fún un ní pálọ̀ lọ́jọ́ tó wá sọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn rẹ̀. "Mi ò ní fi í fún ẹni tó máa tú u sílẹ̀ tán táá lọ. Ọjọ́ tí mo bá rí ohun kan tó o bẹ̀rẹ̀ tó o parí, ohunkóhun, ìbáà ṣe ìtàn tó o ń sọ lẹ́nu, ọjọ́ náà ni kó o kó àwọn èèyàn ẹ wá bá mi."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ òkè ṣe wọ̀ ọ́. Tẹjúmádé, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó láti inú yàrá rẹ̀, fẹ́ràn ìrìn àrìnkiri. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sanwó láti lọ gun Kilimanjaro, ni ọ̀rẹ́ bá ṣẹ́sẹ̀. Ezra ní òun á lọ rọ́pò rẹ̀. Tẹjúmádé rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n òun ò rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Mile 2, wọ́n sì rìn padà. Ọjọ́ kejì, wọ́n kọrí sí Alákijà, Ezra rí obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́bàá ọ̀nà, ìgbáradì sì parí síbẹ̀.

Sọ́ńdè tó ṣáájú ìrìn àjò, Ezra dìde nípàdé àwọn ọkùnrin ìjọ. "Ẹ bá mi fi sádùúrà," ló wí. "Mò ń lọ sórí òkè."

Ní Èkó, tí onígbàgbọ́ bá sọ pé òun ń lọ sórí òkè, kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Wọ́n mọ̀. Ẹní, Bíbélì, omi, ààwẹ̀, kí ohùn há. Gbogbo ilé kọjú sí i. Wọ́n ò mọ̀ pé Ezra jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Òkè wo?" ni Díkónì bi í.

"Ti Tanzania, sà."

"O fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú torí òkè." Díkónì yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣé òkè tibẹ̀ lágbára ni?"

"Ó lágbára gan-an, Dádì."

"Ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ní oúnjẹ kì í wu èèyàn jẹ téèyàn bá dé òkè yẹn."

Ezra ò purọ́ o. Ó kàn fi òótọ́ sílẹ̀ ní ìlàjì ni, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Díkónì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Tó o bá lè dé téńté òkè yẹn, tó o gbàdúrà já, tó o sì padà wá, o parí nǹkan nìyẹn. Kó àwọn èèyàn ẹ wá." Kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti fi àdúrà rán an bí ìgbà tí wọ́n ń fi ẹrù rán ẹni tó ń lọ London. Àdúrà fíṣà, àdúrà ọmọ, àdúrà ṣọ́ọ̀bù kan tí onílé fẹ́ gbà padà.

Òkè náà ò ṣe é ní nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́. Igbó tútù ni, ọ̀bọ ń fò lórí igi, àwọn amọ̀nà sì ń sọ pé "pole pole", ìyẹn ni pé jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ezra fẹ́ràn wọn lójú ẹsẹ̀. Gbogbo Festac ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yára, àwọn wọ̀nyí ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má yára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gòkè sí i ni èémí ń dín kù, tí òtútù ń le. Ezra tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún fírísà ṣe wá mọ bó ṣe ń rí lára tòlótòló. Omi inú ìgò rẹ̀ dì. Imú rẹ̀ ń ṣàn, ohun tó ń ṣàn náà dì.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ ìkẹyìn tó mọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi tọ́ọ̀ṣì rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú kìkìkì bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ó bì. Ó gbójú sókè, ó rí Tẹjúmádé méjì, àwọn méjèèjì sì ń wò ó tìyanu-tìyanu. Téńté òkè náà wà níbẹ̀, kò jìnnà ju First Gate sí Second Gate ní Festac lọ. Amọ̀nà bi í pé ṣé kí àwọn máa lọ ni tàbí kí àwọn padà. Ezra rántí Stella. Ó rántí Díkónì. Ó tún bì.

"Ẹ jẹ́ ká padà," ló wí.

Tẹjúmádé fẹ́ bá a padà, ó ní kó máa lọ. Ó lọ lóòótọ́, òun àti amọ̀nà kejì, ó sì dé ibi tí wọ́n ń dé.

Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ìgbádùn ilé ìtura yìí máa rí bí oyin tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ezra á fẹ̀yìn lélẹ̀, á mí kanlẹ̀, á ní, "Olúwa ṣeun," á sì tún rántí. Látìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti padà ni Stella ti ń kọ̀wé ránṣẹ́. Ṣé o ti débẹ̀? Ezra dáhùn pé òun ti wà nílẹ̀, ara òun le, káwọn sọ̀rọ̀ tó bá yá. Stella ní kò burú, Dádì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù ní kété tí ìsìn bá parí.

Lẹ́yìn ọ̀sán, Tẹjúmádé wọlé sí yàrá rẹ̀, ó fò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, itan Ezra sì sunkún.

"Bọ̀dá mi, ẹ wo nǹkan." Ó na fóònù sí i. Fọ́tò ni. Ẹnì kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tó wà lókè téńté òkè, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ńlá, fìlà bò ó dé ojú, awò dúdú bo ojú, aṣọ òtútù bo ẹnu. Imú nìkan ló hàn.

"Ìwọ nìyí," ni Ezra wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Imú wo nìyẹn?"

Ezra wo imú náà. Imú bàbá wọn ni. Òun náà ní in.

"Jákẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n yá wa," ni Tẹjúmádé wí, ó ń fi ìka gbá a lápá díẹ̀díẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí Dádì Stella, ẹ kọ 'Ògo ni f'Ọ́lọ́run' sí abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ìyàwó yín. Mi ò níí béèrè ju ọ̀wọ̀ lọ títí ayé."

"O fẹ́ kí n purọ́ fún díkónì."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbéyàwó. Irun ti ń funfun lágbọ̀n yín."

Ezra gba fọ́tò náà sórí fóònù tirẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń rábàbà lókè rẹ̀ bí eṣinṣin tó fẹ́ bà sórí ọbẹ̀. Ibi tó wà nìyẹn tí fóònù fi dún.

Iwájú orí Díkónì nìkan ló kọ́kọ́ yọ, torí àwọn àgbà gbà pé iwájú orí ni fóònù ń wò. Lẹ́yìn rẹ̀, Stella dúró nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ káàsán, Dádì." Ezra gbìyànjú àtidọ̀bálẹ̀ níjòókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ dún kẹ́kẹ́.

Díkónì na ọrùn síwájú. Ó sún fóònù mọ́jú. "Ezra, kí lo wọ̀ sọ́rùn yẹn?"

Ezra wo ara rẹ̀. "Aṣọ ibí ni, sà. Gbogbo wa ni wọ́n ń fún."

"Gbogbo yín." Díkónì yíjú sẹ́yìn. "Ìyá Stella, ẹ wá wo súùtànà. Mo sọ fún yín. Mo ní òkè tí a ò mọ wòlíì tó ni ín, kí ọmọ yẹn ṣọ́ra." Ó kọjú padà. "Bàtà ẹ dà?"

"Ẹsẹ̀ mi ti wú, sà. Kò wọ bàtà mọ́."

"Ó ti bọ́ bàtà," ni Díkónì sọ fún àwọn ará ilé, bí ẹni tó ń túfọ̀.

Tẹjúmádé ti ki orí bọ abẹ́ ìrọ̀rí, èjìká rẹ̀ ń mì. Ezra fẹ́ ṣàlàyé, ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí, tí obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá nílé ìtura náà wọlé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àwo ńlá kan kalẹ̀ sí iwájú rẹ̀, ní ojúkojú Festac. Ìrẹsì. Odindi adìyẹ yíyan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín lọ́tọ̀, nínú àwo tirẹ̀.

Díkónì wo adìyẹ. Adìyẹ ń wo Díkónì.

"Ààwẹ̀ ti tú nìyẹn," ló wí.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òkè àdúrà," ni Ezra wí, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi gbígbóná ilé ìwẹ̀ yẹn. "Kò sí wòlíì níbẹ̀. Kò sí ààwẹ̀. Òkè lásán ni, tí wọ́n kàn ń gùn. Ilé ìtura la wà báyìí, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ nìyí. Mo yẹ kí n ti ṣàlàyé fún yín lọ́jọ́ ìpàdé, mi ò ṣe é."

"Wọ́n á gùn ún, kí wọ́n wá ṣe kí ni lókè?"

"Wọ́n á ya fọ́tò, sà. Wọ́n á sì sọ̀."

Díkónì wo Ìyá Stella, ó tún wo fóònù. Tẹjúmádé ti yọrí, ó gbé fóònù tirẹ̀ sókè níbi tí Díkónì ò ti lè rí i, fọ́tò pátákó ń tàn lójú rẹ̀, ó ń fi ètè sọ pé, "Ẹ fi hàn án, ẹ fi hàn án."

"Ó dáa," ni Díkónì wí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. "Fi ti àdúrà sílẹ̀. Àdéhùn wa ò yí padà. Ṣé o dé téńté ẹ̀ tàbí o ò débẹ̀?"

Gbólóhùn kan péré ni. Mo débẹ̀, sà. Kó fi fọ́tò tẹ̀lé e, ó parí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí kò níí parí. Wọ́n á ní kó wá jẹ́rìí níwájú ìjọ. Wọ́n á fẹ́ gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀ Díkónì. Tí Stella bá bímọ, ọmọ á bi í bí òkè náà ṣe rí, ọmọ ọmọ náà á bi í, yóò sì máa rántí ohun tó sọ fún èkínní kó tó dá èkejì lóhùn. Irọ́ tó ń béèrè irú àmójútó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń parí nǹkan ló yẹ kó pa á. Ezra mọ ara rẹ̀. Kó tó di ọdún Àjíǹde, á ti fi í sílẹ̀ ní ìlàjì ọ̀nà. Ó sì wo Stella lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó rí bó ṣe ń wò ó, ó wá rí i pé òun ò tíì purọ́ fún obìnrin yìí rí, kódà lórí ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì onímọ́ọ̀tì.

"Mi ò débẹ̀, Dádì," ló wí. "Ó kù díẹ̀. Orí ń fọ́ mi, mò ń bì, mò ń rí Tẹjúmádé méjì. Èmi ni mo ní ká padà, wọn ò fipá mú mi. Tẹjúmádé ló débẹ̀."

Tẹjúmádé sọ fóònù rẹ̀ kalẹ̀. Stella yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu.

Díkónì fa àga, ó jókòó dáadáa. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn mínísírì ló fi sọ ọ́.

"Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, kọngílá, àwọn agbaṣẹ́ṣe, ló ń wọlé sí ọ́fíìsì mi. Títì tí wọn ò tíì la ẹnu rẹ̀, wọ́n á ní ó ti parí, sà. Afárá tí ò ní ẹsẹ̀, ó ti parí, sà. Wọ́n á gbé fọ́tò dání. Fọ́tò tó dára." Tẹjúmádé ki ìka bọ ẹnu. "Kò sẹ́nì kan rí tó wọlé tó ní, 'Sà, mi ò parí ẹ̀, ibi tí mo dé nìyí.' Mo dúró dè é títí mo fi fẹ̀yìn tì."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mò ń bínú. O lọ jẹ adìyẹ nígbà tí àwa ń fi ààwẹ̀ tì ọ́ lẹ́yìn. Ìyá Stella ò jẹun láti ọjọ́ Fúráídè." Ó húkọ́. "Kó àwọn èèyàn ẹ wá."

"Sà?"

"Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo máa ṣáájú wọn o. Ọmọbìnrin tó dé òkè yẹn ni kó ṣáájú. Ó kéré tán, ó dá mi lójú pé òun á dé ilé mi."

Tẹjúmádé ti orí Ezra sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ojú dí gbogbo fóònù náà. "Ẹ ṣé gan-an, Dádì. Màá tètè dé."

Nígbà tí fóònù kú, Ezra fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ó kàn ń mí. Tẹjúmádé ti ya itan adìyẹ kan, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ohun tí olórí ẹbí ń fẹ́: àga tó ní ìrọ̀rí lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí Ezra máa gbé báàgì òun láti Moshi títí dé Festac, kí ó sì máa pe òun ní "Mà". Ezra ń gbà sí gbogbo rẹ̀, torí ó ti yé e pé ọwọ́ ẹni tó ń jẹ adìyẹ òun yìí ni ìgbéyàwó òun wà.

Ọ̀rọ̀ Stella wọlé sórí fóònù. Dádì ní kí n bi ọ́, kí ni Tẹjúmádé fẹ́ràn láti jẹ? Wọ́n fẹ́ kí Mọ́mì sè é lọ́jọ́ yẹn.

Ezra kọ̀wé padà. Èmi ńkọ́? Ṣé wọn ò ní béèrè tèmi?

Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì tó dé.

Dádì ní àwọn ti rí ohun tí ìwọ ń jẹ.